Kí nìdí tí oúnjẹ fi wọ inú ọ̀rọ̀ Fínlándì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì? Ìjíròrò lórí orírun «ruokaravintola»

Akẹ́kọ̀ọ́-ní-Tampere (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ èdè Fínlándì, èyí tí àwọn tó ni ín ń pè ní suomi, ní kíláàsì alẹ́ kan níbí yìí ní Tampere. Lánàá, olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sójú pátákó: ruokala, kahvila, ravintola, ruokaravintola. Ó ní kí a fa ìlà sí ibi tí a bá rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti pín, kí a sì sọ iṣẹ́ tí ègé kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò fún mi ní wàhálà púpọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ruoka ni oúnjẹ, kahvi ni kọfí, mo sì ti ń rí ravintola lára ilé oúnjẹ káàkiri ìgboro. Ẹ̀kẹrin ló dá mi dúró. Bí ruoka bá jẹ́ oúnjẹ, tí ravintola náà sì jẹ́ ilé oúnjẹ, a jẹ́ pé ohun tí ruokaravintola ń wí ni «ilé oúnjẹ oúnjẹ». Ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá?

Ọkùnrin tí ó jókòó tì mí sọ pé talo, ìyẹn ilé, ni ó yí padà di -tola nínú ravintola. Mo fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ọjọ́bọ̀ ni a ó mú ìdáhùn wá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀, kí sì ni oúnjẹ ń wá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Olùkọ́-àgbà-Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Ẹ kú akitiyan. Ibi tí ó yẹ kí ìlà náà wà ni mo máa kọ́kọ́ sọ, nítorí bí ìlà bá ti ṣì, gbogbo àlàyé tí ó bá tẹ̀lé e yóò wọ́. Ravintola kì í ṣe ravin àti tola. Ravinto àti -la ni. Ravinto ni ohun tí ń bọ́ ara, ohun tí ara fi ń dúró. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ravita ni ó ti jáde, ìtumọ̀ ravita sì ni pé kí a bọ́ ènìyàn tàbí ẹran kí ara rẹ̀ lè gbó. Ìdílé kan náà ni ravitsemus, ìyẹn bí a ṣe ń bọ́ ara àti ìmọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ọn, àti ravintoaine, èyí tí àwa ń pè ní èròjà aṣaralóore.

Ní ti -la, kì í dá dúró rárá. Àfòmọ́ ìparí ni, ohun tí ó sì ń wí ni «ibi tí nǹkan yìí wà» tàbí «ibi tí ẹni yìí ń gbé». Sairas ni aláìsàn, sairaala ni ilé ìwòsàn. Vanki ni ẹlẹ́wọ̀n, vankila ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Pappi ni àlùfáà, pappila ni ilé tí àlùfáà ìjọ ń gbé. Kana ni adìyẹ, kanala ni ilé adìyẹ. Matti jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ bá jẹ́ Mattila, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ oko kan tí Matti kan ti ní rí ni orúkọ náà ti wá. Àfòmọ́ yìí kan náà ló wà ní ìdí Kalevala, ìwé tí Elias Lönnrot tẹ̀ jáde ní ọdún 1835: ibi tí àwọn ọmọ Kaleva ń gbé. Bí fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti iwájú ẹnu, -la á di -lä, bí ó ti rí nínú kylpylä, ilé ìwẹ̀ ìgbádùn. Àǹkóò fáwẹ̀lì ló fà á, èyí tí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń sọ Yorùbá.

Nínú èdè tiwa, iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń jókòó sí. Ẹ wo ibùsùn, ibùjókòó, ibùgbé. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ìbí Jésù nínú Bíbélì yóò rántí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibù- máa ń lẹ̀ mọ́, nígbà tí -la sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jọra débi pé mo máa ń fi ọ̀kan la èkejì yé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mo bá ní láti tú ravintola gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe hun ún, «ibi ohun tí ń bọ́ ara» ni n ó pè é.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó wà lójú pátákó yín kì í ṣe àkànpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan àti àfòmọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ruokaravintola nìkan ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè dá dúró kàn pọ̀.

Ọmọ-Èkó-ní-Helsinki (Ọjọ́rú, àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ọkùnrin tí ó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Majatalo ni wọ́n ń pe ilé tí arìnrìn-àjò ń wọ̀ sí, tí ó ti ń sùn, tí ó sì ti ń jẹun. Maja ni ahéré, talo ni ilé, ó hàn gbangba. Bí talo bá lè wà nínú majatalo, kí ló ní kí ó má sí nínú ravintola? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Helsinki kì í tilẹ̀ pe ravintola tán. Rafla ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnu bá lè gé e kúrú tó bẹ́ẹ̀ ní ojú wa, mo rò pé talo náà lè di tola ní ayé àwọn baba wọn.

Atúmọ̀-èdè-Tallinn (Ọjọ́rú, ọ̀sán)

Mo kí gbogbo ilé. Ìwé ni mo ń túmọ̀ ní Tallinn, láàárín èdè Ẹstóníà àti èdè Fínlándì, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ talo yìí yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa kí a tó sọ ọ́ nù, nítorí ó fani mọ́ra.

Ẹ kọ́kọ́ wo fáwẹ̀lì. Nínú talo, a ló ṣáájú o. Nínú tola, o ló ṣáájú a. Èdè Fínlándì kì í ṣe àpárá pẹ̀lú fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ rẹ̀. Majatalo ni, majatalossa ni bí a bá wà nínú rẹ̀, majatalot ni bí wọ́n bá pọ̀: talo náà dúró ṣinṣin níbi gbogbo. Èkejì, bí a bá yọ tola kúrò, ravin ni yóò ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ ni ravin lóòótọ́, ṣùgbọ́n «ti ravi» ni ìtumọ̀ rẹ̀, ravi sì ni irú ìsáré kan tí ẹṣin ń sá. Kò kan oúnjẹ. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá yọ -la kúrò, ravinto ni yóò ṣẹ́ kù, odindi ọ̀rọ̀ tí ó ń rìn kiri lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àti nínú ìwé ìmọ̀ ìlera, tí ó máa ń di ravinnon bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rí kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ojú pópó ni mo ti máa ń rí i. Èdè Ẹstóníà jẹ́ ìbátan èdè Fínlándì, ó sì ní àfòmọ́ kan náà. Haige ni aláìsàn, haigla ni ilé ìwòsàn. Vang ni ẹlẹ́wọ̀n, vangla ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Söök ni oúnjẹ, söökla sì ni ilé ìjẹun tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń tò sí pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, èyí tí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ruokala ti Fínlándì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ilé oúnjẹ tí ènìyàn ti ń jókòó kí wọ́n wá bi í ní ohun tí yóò jẹ, àwọn ará Ẹstóníà gba ọ̀rọ̀ àjèjì, restoran. Àwọn ará Fínlándì fi ohun tí ó wà nílé wọn hun tiwọn. Ibẹ̀ ni ẹwà ravintola wà lójú mi.

Ní ti rafla, àbùjékù ni, èdè ìgboro Helsinki ló bí i. Bí ẹnu ṣe gé ọ̀rọ̀ lóde òní kò lè sọ fún wa bí wọ́n ṣe hun ún nígbà tí wọ́n ń hun ún.

Ọmọ-Èkó-ní-Helsinki (Ọjọ́rú, ọ̀sán)

Mo gbà. Ravinnon yẹn nìkan ti tó mi. Ẹ ṣeun.

Ìyá-Ìbejì-Turku (Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè, ilé ìdáná ilé-ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àárín àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni mo ń gbé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo sì rò pé ìdí tí oúnjẹ fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì kò tíì jáde síta.

Ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń jẹun, ruokala ni. Òfin ọdún 1943 ló ní kí wọ́n máa fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní oúnjẹ ọ̀fẹ́, wọ́n sì fún àwọn ìlú ní ọdún márùn-ún láti múra, tí ó fi di ọdún 1948 kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yìn ìkòkò ni mo máa ń dúró sí. Ọmọ á gbé àwo rẹ̀ wá, á mú gíláàsì mílíìkì kan, á mú näkkileipä, búrẹ́dì gbígbẹ tí ń ró kánkán lẹ́nu, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìyókù. Bí ó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, hernekeitto ni, ọbẹ̀ tí wọ́n fi hóró pòpòǹdó aláwọ̀ ewé sè, pannukakku sì máa ń tẹ̀lé e, irú pankéèkì kan tí wọ́n ń yan nínú ààrò. Ẹnikẹ́ni kì í pe ibẹ̀ ní ravintola nílé-ìwé wa. Oúnjẹ wà níbẹ̀, àwo wà, àga wà, síbẹ̀ kì í ṣe ravintola.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú yìí. Ní Ọjọ́ Ẹtì kan, obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé, «Lähdetkö ravintolaan?», ṣé n ó bá àwọn lọ sí ravintola. Inú mi dùn púpọ̀. N kò jẹun ọ̀sán, mo ní kí n fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún ti alẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, iná ibẹ̀ rí bàìbàì, orin ń dún, àwọn ènìyàn ń jó, gíláàsì bíà sì wà níwájú oníkálukú. Mo wá ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ oúnjẹ sí, n kò rí i. Abọ́ ẹ̀pà kékeré kan ni wọ́n gbé fún mi. Ebi pa mí títí mo fi délé, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi nítorí mo rò pé èdè wọn ni n kò gbọ́ dáadáa. Ní Ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo sọ fún un, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì bẹ̀ mí, ó ní bí mo bá fẹ́ jẹun, ruokaravintola ni ó yẹ kí n béèrè.

Ọjọ́ yẹn ni ó yé mi. Ravintola ti di ilé ńlá tí ó ní yàrá púpọ̀. Olutravintola wà, ti bíà ni. Tanssiravintola wà, ti ijó ni. Yöravintola wà, ti òru ni. Nígbà tí ọtí àti ijó ti gba inú ilé náà tán, oúnjẹ tí ó ni ilé níláti kan ilẹ̀kùn kí ó tó padà wọlé.

Olùkọ́-àgbà-Ìbàdàn (Ọjọ́rú, alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú orí ire. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ yìí sí ibi tí ó yẹ kí ó wà, ohun tí ẹ sì fojú rí ní Ọjọ́ Ẹtì yẹn ní ìtàn lẹ́yìn.

Kí ravintola tó dé, ọ̀rọ̀ àyálò ni àwọn ará Fínlándì fi ń pe irú ibi báyìí. Abẹ́ Swídìn ni ilẹ̀ wọn wà títí di ọdún 1809, kí ó tó bọ́ sábẹ́ ọba Rọ́ṣíà títí di ọdún 1917, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ń fi ẹsẹ̀ àwọn tí ó kọjá hàn. Kapakka, ilé ọtí, láti inú kabak ti Rọ́ṣíà ni. Krouvi gba ọwọ́ àwọn ará Swídìn àti Jámánì wọlé. Èyí tí ó wù mí jù ni kestikievari, ilé ẹ̀bá ọ̀nà tí arìnrìn-àjò ń wọ̀ sí, tí ó ti ń jẹun, tí ó sì ti ń pààrọ̀ ẹṣin. Gästgivare ni ti Swídìn: gäst ni àlejò, givare ni ẹni tí ń fúnni. Àwọn àgbẹ̀ Fínlándì, tí ahọ́n wọn kò mọ́ g ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, sọ ọ́ di kesti, wọ́n sọ ìyókù di kievari. Àkànpọ̀ ni lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, kievari kò tún túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́ àfi ilé náà fúnra rẹ̀.

Àwọn àkànpọ̀ mìíràn wà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ilé hun. Seurahuone, yàrá ẹgbẹ́, tẹ̀lé ohun tí àwọn ará Swídìn ń pè ní societetshus, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ìlú sì ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń ṣe àríyá. Ní Helsinki, Kaivohuone ṣí ní ọdún 1838: kaivo ni kànga, huone ni yàrá. Omi tí wọ́n gbà pé ó ń ṣe ara lóore ni ènìyàn ń lọ mu níbẹ̀ nígbà náà, kí ó tó di ilé oúnjẹ àti ijó. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo àwọn orúkọ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó dárúkọ oúnjẹ.

Ní ọdún 1863, ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì, fi àṣẹ lélẹ̀ pé láàárín ogún ọdún kí èdè Fínlándì dọ́gba pẹ̀lú ti Swídìn níwájú ìjọba. Ọ̀rúndún yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn jókòó tì iṣẹ́ pé èdè àwọn gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ohun gbogbo. Samuel Roos ti ṣẹ̀dá sähkö fún iná mànàmáná ní ọdún 1845. Lönnrot ṣẹ̀dá kielioppi fún gírámà: kieli ni èdè, oppi ni ẹ̀kọ́. Ọmọ ìran yẹn ni ravintola. Ẹ sì wo bí ó ti bá ti Faransé rìn ní èrò láìjọ ọ́ ní ohùn: inú restaurer, kí a mú nǹkan bọ̀ sípò, ni restaurant ti wá, omi ọbẹ̀ tí ń dá agbára padà sára ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi orúkọ náà pè kí ó tó di orúkọ ilé tí wọ́n ti ń tà á ní Paris. Ti Faransé sọ nípa ara tí wọ́n tún ṣe, ti Fínlándì sọ nípa ara tí wọ́n bọ́.

Báwo wá ni ọtí ṣe gba ilé? Láti ọdún 1919 títí di ọdún 1932, òfin kieltolaki ka ọtí léèwọ̀ ní Fínlándì. Nígbà tí wọ́n gbé òfin náà kúrò, ìjọba kò jẹ́ kí ọtí rìn bí ó ti wù ú. Ilé iṣẹ́ ìjọba, Alko, ni ó ń tà á fún ẹni tí yóò gbé e lọ sílé. Ẹni tí yóò mu ún níta gbangba, ravintola tí ó gba ìwé àṣẹ ni yóò lọ. Anniskeluravintola ni irú ilé bẹ́ẹ̀, anniskelu sì ni bíbu ọtí fún oníbàárà. Nígbà kan, wọn kì í bu ọtí fún ẹni tí kò bá ra oúnjẹ. Ruokapakko ni wọ́n ń pe òfin yẹn, ruoka pẹ̀lú pakko, ìyẹn àìgbọdọ̀máṣe. Ẹ ro ó wò: oúnjẹ wà lórí tábìlì nítorí ọtí. Láti ìgbà náà ni ètí ará Fínlándì ti mọ́ pé bí a bá dárúkọ ravintola, ọtí kò jìnnà.

Akẹ́kọ̀ọ́-ní-Tampere (Ọjọ́rú, alẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrójú ebi ọjọ́ náà. Mo ní ìbéèrè kan sí i. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí mo máa ń wọ̀ láti Helsinki bọ̀ wá sílé, mo máa ń rí ravintolavaunu lára ilẹ̀kùn kóòṣì kan. Vaunu ni kóòṣì náà. Kí ló dé tí ravintola fi ṣáájú níbẹ̀, tí ó sì kẹ́yìn nínú ruokaravintola? Ṣé a lè yí wọn síra?

Atúmọ̀-èdè-Tallinn (Ọjọ́rú, alẹ́)

A kò lè yí wọn síra, nítorí ìtumọ̀ yóò yí pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni olórí ọ̀rọ̀ máa ń wà nínú àkànpọ̀ Fínlándì, ohun tí ó ṣáájú sì máa ń ṣe àlàyé rẹ̀. Ravintolavaunu jẹ́ irú vaunu kan. Bí ẹnìkan bá sọ pé vaunuravintola, ilé oúnjẹ tí wọ́n ṣe sínú kóòṣì ni yóò wá sọ́kàn. Yorùbá tiwa gbé olórí síwájú: ilé ìwé jẹ́ irú ilé kan, ìwé ilé sì jẹ́ irú ìwé kan, èyí tí a fi ń jẹ́rìí pé ilé jẹ́ tiwa. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ máa ka àkànpọ̀ wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti -la, ẹ kan ravinto, kí ẹ tó kan ruoka.

Ruokaravintola sì ní ẹ̀gbọ́n tí ẹ ó máa rí ní ọ̀sán, lounasravintola. Lounas ni oúnjẹ ọ̀sán, òun kan náà ni wọ́n sì ń pe ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, nítorí ibi tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run ni àwọn baba wọn fi ń mọ àkókò. Nínú èdè Ẹstóníà, lõuna ni gúúsù, òun náà ni ọjọ́kanrí, òun náà sì ni oúnjẹ tí a ń jẹ nígbà náà.

Ọmọ-Èkó-ní-Helsinki (Ọjọ́bọ̀, àárọ̀ kùtù)

Mo sùn lé ọ̀rọ̀ yìí lórí, mo sì jí pẹ̀lú bùkà. Ẹ má bínú, ó kan ohun tí a ń sọ. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni bukka, ahéré tí wọ́n fi koríko bò. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀ rárá, bí kò ti sí oúnjẹ nínú maja ti majatalo. Abẹ́ ahéré bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá olóúnjẹ ń jókòó sí pẹ̀lú ìkòkò àmàlà àti ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì, títí orúkọ ahéré fi di orúkọ ilé oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan gé ìrù ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó parí sí -téríà, wọ́n so ó mọ́ bùkà, ó di bùkátéríà. Iṣẹ́ tí -la ń ṣe nínú kahvila ni -téríà ń ṣe níbẹ̀.

Ti òtẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ tún súnmọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì jù. Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, bí wọ́n bá ní ọmọkùnrin kan ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lérí, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé oorun tàbí oúnjẹ ló ń wá lọ. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí a má fi «ilé oúnjẹ» túmọ̀ ravintola mọ́ láìwo ibi tí wọ́n ti lò ó. Kí a fi «ilé oúnjẹ» sílẹ̀ fún ruokaravintola, kí ravintola lásán jẹ́ «ilé oúnjẹ òun ọtí».

Olùkọ́-àgbà-Ìbàdàn (Ọjọ́bọ̀, àárọ̀)

Ìdá kan nínú rẹ̀ ni mo fara mọ́. Lára ilé tí a ti ń jẹun gan-an, ravintola nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ, kò sì ní dára kí atúmọ̀-èdè máa da ọtí sínú tábìlì ẹni tí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ jẹ ẹja. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò máa dájọ́.

Ohun kan tún kù tí n kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa gbàgbé lónìí. Ruoka àti ravinto kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ruoka ni oúnjẹ tí a sè, tí a gbé kalẹ̀, tí a lè bù sínú àwo. Ravinto ni ohun tí ara rí gbà nínú rẹ̀. Ẹranko inú igbó pàápàá ń wá ravinto, láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná fún un. Oúnjẹ tiwa, tí ó jẹ́ ohun tí a ń jẹ, súnmọ́ ruoka ju ravinto lọ. Nítorí náà, àní bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ dé gbòǹgbò, wọn kò pe ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá ni ó ní ọ̀rọ̀ kan níbi tí wọ́n ti ní méjì, ibẹ̀ ni «ilé oúnjẹ oúnjẹ» ti wá.

Ìyá-Ìbejì-Turku (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ìkòkò ọbẹ̀ tòní tán ni. Láti alẹ́ ìjẹta tí mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa -la ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ mi. Mummo ni ìyá àgbà, mummola ni ilé ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ibí kì í yé sọ bí ìsinmi bá ti ń bọ̀. Àwọn ìbejì mi ń bi mí pé, «Milloin mennään mummolaan?», ìgbà wo ni a ń lọ sí mummola. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń wí.

Akẹ́kọ̀ọ́-ní-Tampere (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Mo ti kíláàsì dé. Mo fa ìlà méjì sínú ruokaravintola: ọ̀kan lẹ́yìn ruoka, ọ̀kan ṣáájú -la. Mo sọ pé ilẹ̀kùn ni ruoka iwájú yẹn, tí oúnjẹ gbà padà wọ ilé tí ọtí ti gbà. Olùkọ́ wa ní kí n tún un sọ kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́. Ọkùnrin tí ó jókòó tì mí béèrè nípa talo, mo sì fi ravinnon hàn án. Òun náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Olùkọ́ wa nu pátákó, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun kan tí a ó mú wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kuppila. Ó ní ibi tí ènìyàn ti ń jókòó mu nǹkan ni. Kuppi ni ife. Mo ti fa ìlà tèmi ṣáájú -la.